Àjàrà Bourgogne àti Òrí Kakpagyili

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé-ìwé tí kò gbọ́ orúkọ àjàrà rí. Láti ìgbà tí a ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ni a ti ń gbọ́ nípa ọgbà àjàrà, nípa ìfúntí, àti nípa àwọn alágbàṣe tí a pè wọ inú ọgbà ní wákàtí kọkànlá. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú wa dìde kí wọ́n sọ bí igi àjàrà ti ń hù, irú ilẹ̀ tí ó fẹ́, àti ìgbà tí ó máa ń so, bóyá ni a ó rí ẹni méjì tí yóò lè dáhùn. Èyí kò yẹ kí ó ya ni lẹ́nu, nítorí àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì kì í ṣe èso ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ya èmi lẹ́nu ni pé, bí a bá bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn kan náà ní irú ìbéèrè yìí nípa igi òrí, igi tí ó wà káàkiri pápá wa láti Ìgbòho dé Kìṣí, tí àwọn ìyá wa ń fi òrí rẹ̀ pa ọmọ tuntun lára, àwọn tí yóò lè dáhùn kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Iṣẹ́ mi ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ni mí. Èmi a máa jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì láti gbọ́ bí olùkọ́ ti ń kọ́ni àti bí ọmọ ti ń gbà á. Kí n tó dé ipò yìí, mo lo ọdún mẹ́ta ní ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí mo ti gba oyè yunifásítì. Ibẹ̀ ni èmi àti ọmọ Dagomba kan, tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Faransé bí èmi, ti di ọ̀rẹ́. Ilé baba rẹ̀ wà ní Kakpagyili, ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ìlú Tamale ní àríwá Gánà ti gbòòrò dé, tí ó sì ti di àdúgbò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ kí i níbẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá fi ilẹ̀ àjàrà wé ilẹ̀ òrí, kì í ṣe àhesọ. Ẹsẹ̀ mi ti tẹ méjèèjì.

Bourgogne ni orúkọ ẹkùn tí Dijon wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ òkìkí wáìnì rẹ̀ kí ó tó débẹ̀ yóò rò pé òun yóò bá ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ó tẹ́ lọ súà bí ilẹ̀ kòkó Oǹdó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí ó lókìkí jù lọ nínú ẹkùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Côte d'Or, kò ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá Dijon, ó sì gba ìhà gúúsù lọ kọjá ìlú Beaune, nǹkan bí 60 kìlómítà ní gígùn. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, ẹni tí ó bá ń fẹsẹ̀ rìn kò ní pẹ́ tí yóò fi la ìbú rẹ̀ já. Ìlà-oòrùn ni ó kọjú sí, tí ó fi jẹ́ pé oòrùn òwúrọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bà á. Irú òkúta tí a ń fọ́ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ tí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kò nípọn. Bí a bá gbin iṣu síbẹ̀, ebi ni yóò pa ẹni tí ó gbìn ín. Síbẹ̀, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, wáìnì tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kò níyì tó ti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta yìí.

Ojú ọjọ́ wọn náà kò rọrùn. Ní ìgbà òtútù, omi a máa di yìnyín, igi àjàrà a sì dúró ní ìhòòhò bí ohun tí ó ti kú. Ní oṣù kẹrin ni ó máa ń rúwé, ìgbà yìí gan-an ni ọkàn àgbẹ̀ kì í balẹ̀, nítorí bí òtútù bá padà wá ní òru kan ṣoṣo, ó lè pa gbogbo ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mo ti rí wọn rí ní irú òru bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tan iná kéékèèké sí àárín ọgbà lọ rẹrẹ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè móoru díẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ni àjàrà ń tanná. Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti máa ń kórè láti ìgbà pípẹ́. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Dijon jẹ́ nǹkan bí 750 mìlímítà lọ́dún, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń rọ̀, láti oṣù kìn-ín-ní títí dé ìkejìlá.

Oríṣi àjàrà méjì ni wọ́n gbójú lé jù lọ. Pinot noir ni dúdú tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa, Chardonnay sì ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe funfun. Ẹlẹgẹ́ èso ni Pinot noir: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tètè ń rà, kì í sì í so lọ títí. Àjàrà mìíràn wà tí ń jẹ́ Gamay, tí ó ń so wọ̀ǹtìwọnti. Ní ọdún 1395, Philippe tí ó ń ṣe olórí Bourgogne nígbà náà pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ hú Gamay dànù, nítorí ó ń ba orúkọ wáìnì ilẹ̀ náà jẹ́. Ẹ gbọ́ bí alákòóso ti ń bá èso tí ó ń so dáadáa jà nítorí orúkọ!

Orúkọ yìí ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí. Àwọn baba wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ará Bourgogne wo ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọ̀rúndún méjìlá ni àwọn mọ́ńkì Cîteaux ti ń ro ọgbà àjàrà níbẹ̀, àwọn àti àwọn àgbẹ̀ tí ó tẹ̀lé wọn sì ṣàkíyèsí pé èso tí a ká ní apá ìhín ọ̀nà kò dùn bákan náà pẹ̀lú èyí tí a ká ní apá ọ̀hún. Wọ́n pààlà sí i, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Lónìí, irú ilẹ̀ olórúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1,247 lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, èyí tí a ń pè ní Romanée-Conti nínú wọn kò sì tó hẹ́kítà méjì. Ní 2015 ni àjọ UNESCO kọ gbogbo wọn mọ́ àwọn ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé.

Wọn kò fi mọ sí orúkọ nìkan. Wọ́n kọ ọjọ́ pẹ̀lú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ gbé àkójọ ọjọ́ ìkórè àjàrà ní ìlú Beaune jáde, láti 1354 títí dé 2018. Inú ìwé owó tí wọ́n san fún àwọn olùkórè, ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ṣà á jọ. Láti inú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti rí i dájú pé láti 1988, ìkórè ń ṣáájú ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ń kórè ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá, nítorí ayé ti gbóná sí i. Kì í ṣe pé àgbàlagbà kan sọ pé ayé ti yí padà; ìwé ni ó jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá rékọjá sí Kakpagyili báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ilẹ̀ Tamale gbẹ nítorí pé òjò rẹ̀ kò tó ti Faransé, kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Tamale tó 1,100 mìlímítà lọ́dún, ó ju ti Dijon lọ dáadáa. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni ó ń rọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀run a pa ẹnu dé. Ọyẹ́ a ti aṣálẹ̀ fẹ́ wá, ètè ọmọdé a là, koríko a sì gbẹ tí iná kékeré lè jó odidi pápá. Ní oṣù kẹta, ooru a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Yangí ni ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà ní ibi púpọ̀. Bí òjò bá dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ a ṣàn lọ kí ilẹ̀ tó mu ún tán.

Lórí irú ilẹ̀ báyìí ni igi òrí gbé ń gbilẹ̀. Àwọn Dagomba ń pè é ní taaŋa. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì, èyí ni kì í jẹ́ kí iná pápá tètè pa á. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ, ni ó ń tanná, tí oyin sì ń yí i ká. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún títí dé ìkẹjọ, ni èso rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń bọ́. Ènìyàn kì í sábà gbìn ín. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣán oko ni ó ń dá a sí, tí ó ń gbin àgbàdo àti ọkà bàbà sí abẹ́ rẹ̀. Igi tí ó bá hù lónìí lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè so fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àjàrà kì í gbà ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó so. Ẹni tí ó gé àjàrà lulẹ̀ lè tún un gbìn kí ó sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé igi òrí ti gé ohun tí ọmọ rẹ̀ ìbá jẹ.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni ó mú mi rìn yí ẹ̀yìn ilé wọn ká. Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Dagbani ni ó ń sọ, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún mi. Ó na ọwọ́ sí igi kan, ó ní, "Èyí ni ti àwọn ọmọdé. Èso rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀." Ó na ọwọ́ sí òmíràn, ó ní, "Tọ̀hún kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ lọ́ràá. Òrí rẹ̀ kì í tètè yí padà."

Mo bi í pé, "Ìyá, ta ni ó kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ni. Mo ti ń ti ìdájí rìn lọ sí ìdí wọn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ. Mẹ́tàdínlógún ni mo bá níhìn-ín. Ka èyí tí ó kù."

Mo kà á. Mẹ́ta ni. Ilé ni ó wà níbi tí àwọn yòókù wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí ìyá yìí mọ̀ ni ohun tí àwọn mọ́ńkì Cîteaux mọ̀: pé igi méjì tí ó wà lórí ilẹ̀ kan náà lè so èso ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé ẹni tí ó bá ń fi ojú sí i ni yóò mọ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ kò kéré sí tiwọn, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì rọrùn ju tiwọn lọ. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣa èso náà. Wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sínú oòrùn, wọn a fọ́ èèpo rẹ̀, wọn a gún kóró rẹ̀, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a da omi sí i, tí wọn a máa fi ọwọ́ po ó títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó, kí wọ́n tó sè é. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò mọ bí apá ti ń ro wọ́n tó. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ti Bourgogne wà nínú ìwé, ti ìyá yìí sì wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe igi òrí fún ìgbà pípẹ́ pàápàá, orúkọ àlejò ni. Nítorí pé Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1799, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe igi náà ní Butyrospermum parkii, kí wọ́n tó wá yí i sí Vitellaria paradoxa. Àwọn obìnrin tí ń se òrí láti ayébáyé kò rí orúkọ tiwọn níbẹ̀. Lónìí, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2000 gbà kí wọ́n fi ọ̀rá òrí sínú ṣokoléètì, níwọ̀n bí irú ọ̀rá àfikún bẹ́ẹ̀ kò bá ti ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ ṣokoléètì náà kò mọ̀ pé igi kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tamale kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú àjèjì fún wa. Àwọn oníṣòwò láti Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Baba bàbá mi, ọmọ Ìgbòho, wà lára wọn. Aṣọ ni ó ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, àṣẹ jáde ní Gánà pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó máa lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá di ẹrù wọn, wọ́n sì padà sílé. Ní 1983, ó yí kan àwọn ará Gánà tí wọ́n wà ní Nàìjíríà. Ìyá bàbá mi kì í sọ ìtàn Tamale púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí èso òrí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Ìgbòho, a máa sọ pé, "Àwọn obìnrin Tamale náà ti jí lọ sí oko báyìí." Òótọ́ ni ó sọ. Pápá kan náà ni. Ilẹ̀ òrí bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì lọ títí dé Uganda, kò béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Pápá yìí ni ó ń tán lọ. Ilé kíkọ́ ń gba ilẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú, bí ó ti rí ní Kakpagyili. Ní ibi tí ó jìnnà sí ìlú, èédú ni wọ́n ń fi igi òrí ṣe, nítorí iná rẹ̀ gbóná, ó sì pẹ́. Àfòmọ́ ń fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kù lọ́rùn. Kì í ṣe pé ìrètí kò sí. Nígbà tí kòkòrò kan fẹ́ run gbogbo àjàrà Faransé ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gé ẹ̀ka àjàrà tiwọn, wọ́n so ó mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa, kí méjèèjì lè jọ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibùdó ìwádìí kan wà ní Bole ní àríwá Gánà, lábẹ́ àjọ tí ń ṣe ìwádìí kòkó, tí wọ́n ti ń fi irú ọgbọ́n yìí wá ọ̀nà tí òrí yóò fi tètè máa so. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kóró òrí tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí lọ sí òkè òkun. Àṣẹ lè mú kí a ṣe òrí nílé, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ tí ó lè mú igi ogún ọdún hù ní ọ̀sán kan.

Ẹnìkan lè wí pé, "Alábẹ̀wò, ṣé ọtí ni ẹ wá ń polówó fún wa?" Rárá o. Mùsùlùmí ni àwọn tí ó gbà mí lálejò ní Kakpagyili, èmi pàápàá kì í sì í ṣe ọ̀mu. Òmíràn lè wí pé orúkọ àti ìwé a máa fa olówó wá, tí wọn yóò sì gba igi lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí kò ní ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì ní í fojú fò ó. Ní Bourgogne lónìí, iye owó ilẹ̀ olórúkọ ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ àgbẹ̀ kò lè rà á. Nítorí náà, bí a ó bá kọ ìwé, kí a kọ orúkọ ẹni tí ń ṣa èso mọ́ orúkọ igi. Ohun tí a kò kọ rárá kò bọ́ lọ́wọ́ olówó. Ńṣe ni ó ń rí i gé láìsí ẹlẹ́rìí.

Mo wà ní ilé-ìwé kan ní Òkè-Ògùn ní ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin kan dìde tí ó ka ojú ọjọ́ etí òkun Mẹditaréníà láìkọsẹ̀: òjò ní ìgbà òtútù, ọ̀dá ní ìgbà ooru, àjàrà àti ólífì. Mo yìn ín. Mo wá bi í ní orúkọ igi tí òjìji rẹ̀ bo fèrèsé wọn. Ó mọ̀ ọ́n, òrí ni. Mo bi í ní oṣù tí ó ń tanná. Ó wo olùkọ́, olùkọ́ wo ìwé, ìwé kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, olùkọ́ kò sì jẹ̀bi. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ fún wọn.

Ìmọ̀ràn mi kò gba owó. Kí gbogbo ilé-ìwé tí ó wà ní ilẹ̀ òrí, ní Kakpagyili àti ní Ìgbòho, ní ìwé kan ṣoṣo. Kí àwọn ọmọ máa kọ ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ yọ àti ọjọ́ tí èso àkọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí wọ́n ka igi tí ó wà ní àyíká. Kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n béèrè èyí tí ó dùn àti èyí tí ó lọ́ràá. Ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́. Ojú ewé méjì péré ni wọ́n ti kọ. Akọ̀wé tí ó kọ owó àwọn olùkórè sílẹ̀ ní Beaune ní 1354 kò mọ̀ pé ìtàn ojú ọjọ́ ni òun ń kọ. Owó alágbàṣe ni ó ń ṣírò. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́, ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà kọ tirẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sì di ẹ̀rí fún ayé. Ẹ̀yin olùkọ́, kí èso òrí ọdún tí ń bọ̀ má ṣe bọ́ sílẹ̀ kí a má kọ ọjọ́ rẹ̀.